Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Bátìrì

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gbé fóònù náà lé orí tábìlì. Ara rẹ̀ ti jó, ẹ̀yìn rẹ̀ ti là, gíláàsì iwájú rẹ̀ sì ti dúdú. Ó fi ìka kan tì í síwájú obìnrin tó jókòó kọjú sí i.

"Tú u."

"Ẹ tú ọwọ́ tèmi ná, sà."

Ó ṣí apá kan ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà, ó sì fún un ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, irin obìnrin náà fúnra rẹ̀, tí àwọn ọlọ́pàá kó pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n bá nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀yìn fóònù ti ṣí. Lára irin pẹlẹbẹ tó wà nínú rẹ̀, ẹnì kan ti fi yíǹkì dúdú kọ̀wé kékeré: A.A. Télọ̀. 14/3.

"Ọwọ́ ta nìyí?"

Obìnrin náà wò ó. Ó tún wò ó.

"Ọwọ́ mi ni."

"O ṣeun. Ìyẹn ni mo fẹ́ gbọ́."

Àǹtí Awò ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin yìí, nítorí awò kékeré tó máa ń so mọ́ ojú ọ̀tún bó bá ń tún fóònù ṣe. Ọdún mẹ́tàlá ló ti wà nídìí iṣẹ́ náà, nínú ṣọ́ọ̀bù tí èèyàn mẹ́ta kò lè jọ dúró sí. Fóònù tó jóná yìí kì í ṣe ti oníbàárà rẹ̀ kankan. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, ọmọ ìyá rẹ̀, olùkọ́ ilé-ìwé. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n rà á ní tuntun nínú páálí. Àràmọ̀ǹdà lorúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Lọ́sàn-án Sátidé, ẹ̀gbọ́n jókòó, ó ń máàkì ìdánwò, ó na ọwọ́ ọ̀tún mú fóònù láti wo aago, fóònù sì bú gbàmù sí i lọ́wọ́. Ilé ìwòsàn ló wà láti ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé ìkọ̀wé àbúrò rẹ̀ ni wọ́n bá nínú fóònù, gbólóhùn kan ló sọ: "Ẹ má jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ mi mọ́."

Gbólóhùn yẹn ló ń dun Àǹtí Awò. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kò dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

"Mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ wa," ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wí. Ọkùnrin gbígbẹ ni, àgbàlagbà, tí gìgísẹ̀ ń dùn, tó máa ń bọ́ bàtà lábẹ́ tábìlì. "Àràmọ̀ǹdà mẹ́rin, ẹni mẹ́rin tó fara pa. Ìkọ̀wé rẹ wà nínú mẹ́ta. Níbo lẹ ti ń ṣe ayédèrú náà?"

"N kò fọwọ́ kan Àràmọ̀ǹdà rí láyé mi."

"Ta ni ìwọ àti ẹ̀ jọ ń ṣe é?"

"Sà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Kò sí atúnfóònùṣe tí kò ní àmì. Tí mo bá tún fóònù ṣe tán, mo máa ń kọ lẹ́tà orúkọ mi sínú rẹ̀, iṣẹ́ tí oníbàárà ń ṣe, àti ọjọ́. Bí n kò bá kọ ọ́, ẹlòmíràn á lọ ba tirẹ̀ jẹ́ síbòmíràn, á wá ní èmi ni. Télọ̀ yìí, mo mọ̀ ọ́n. Fóònù rẹ̀ já sínú báàfù omi, mo sì bá a tún un ṣe. Ó ti tó ọdún méjì. Àràmọ̀ǹdà kò tíì pé oṣù mẹ́fà láyé!"

"Ẹnikẹ́ni lè kọ ọjọ́ tó bá wù ú."

"Bẹ́lífà, ti ilé-iṣẹ́ mìíràn, ni fóònù télọ̀. Bẹ́lífà ni mo kọ ọ́ sí. Ẹ pè é, sà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi."

Kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó sọ̀rọ̀, agogo méje ti lù, rédíò tó wà ní gbọ̀ngàn àgọ́ ọlọ́pàá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí gbogbo ìlú ń gbọ́ láràárọ̀ Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Ọ̀mọ̀ràn ti dé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é, kò sì sẹ́ni tó béèrè ẹni tó fún un lóyè náà. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tó ti ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fún aráyé: èyí tó ń gòkè, èyí tó fẹ́ kógbá sílé, èyí tí kámẹ́rà rẹ̀ dára, èyí tí bátìrì rẹ̀ kò lè gbé ọjọ́ kan já. Ohùn rẹ̀ dùn, ó rọ̀, ó ń fọkàn ẹni balẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ni ohùn náà wí, "àṣírí kan wà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Ohun tuntun ti tán lọ́wọ́ wọn. Fóònù ọdún yìí àti ti èṣí, ìbejì ni wọ́n. Aṣọ ni wọ́n pààrọ̀ fún wọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi aṣọ tuntun tàn yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún yín pé Àràmọ̀ǹdà yàtọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan fara pa, ó sì dùn mí dé egungun. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà kò lẹ́ṣẹ̀. Àwọn atúnfóònùṣe ẹ̀bá títì ni ẹ lọ bi! Àwọn ló ń yọ ojúlówó, tí wọ́n ń ki pàǹtí bọ̀ ọ́."

Nínú gbọ̀ngàn, ọlọ́pàá kan kígbe pé òótọ́ ni. Ká sọ tòótọ́, ìyàwó ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà ti ra Àràmọ̀ǹdà kan lórí ọ̀rọ̀ Ọ̀mọ̀ràn. Fóònù náà wà ní ilé, lórí ìrọ̀rí.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wọ bàtà rẹ̀ padà. "Ẹ lọ mú télọ̀ yẹn wá."

Télọ̀ dé pẹ̀lú tépù ìwọnṣọ lọ́rùn, ẹ̀rù ti bà á.

"Níbo ni Bẹ́lífà rẹ wà?"

"Mo ti dá a padà, sà."

"Fún ta ni?"

"Fún ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Ọ̀mọ̀ràn ló kéde rẹ̀. Ó ní bátìrì Bẹ́lífà ti ń bú, ilé-iṣẹ́ náà sì ti ń kú lọ, ká tètè kó tiwa lọ sí ibùdó tí wọ́n ṣí. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì la ó fi gba tuntun."

"O gbà á?"

"Oṣù keje rèé, sà. Ọjọ́ tí mo padà lọ síbẹ̀, ẹni tó ń ta àga ló ti gba ibẹ̀."

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fi inú fóònù jíjóná náà hàn án. Télọ̀ ka ohun tó wà níbẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu. "Télọ̀. Èmi nìyí o!"

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní kó máa lọ. Ó pe ọ́fíìsì Bẹ́lífà fúnra rẹ̀. Obìnrin tó gbé e ní àwọn kò ní kí ẹnikẹ́ni dá fóònù padà rí, bátìrì àwọn kò bú rí, àti pé ìwé mẹ́ta ni àwọn ti kọ sí ilé-iṣẹ́ rédíò, kò sẹ́ni tó fèsì. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yé e, kò sì fẹ́ràn bó ṣe ń yé e. Ẹni tó ní kí aráyé ju ti àtijọ́ nù, òun náà ló ní kí wọ́n ra tuntun. Ti àtijọ́ sì ni tuntun.

Ó pe ìyàwó rẹ̀. "Fóònù yẹn, gbé e síta. Má bi mí. Gbé e síta báyìí!"

Lẹ́yìn náà ló lọ bá ọ̀gá àgbà. Ọ̀gá àgbà kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

"Ọ̀mọ̀ràn? Ọ̀rẹ́ mi ni! Òun ló sọ̀rọ̀ ìyànjú nígbà tí ọmọ mi jáde ní yunifásítì. O fẹ́ fi télọ̀ kan àti ìyá onífóònù kan ba orúkọ èèyàn ńlá jẹ́? Ìkọ̀wé obìnrin yẹn ni àbí kì í ṣe tirẹ̀?"

"Tirẹ̀ ni, ṣùgbọ́n..."

"Láago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọ̀la, gbé e lọ sílé ẹjọ́."

Bí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti fi ẹ̀yìn jáde ni ọ̀gá àgbà gbé fóònù tirẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín: ó fẹ́ kí ọ̀rẹ́ òun gbọ́ irú ìsọkúsọ tí télọ̀ kan ń sọ. Kò ní èrò burúkú. Ẹnu rẹ̀ ni kò ní ilẹ̀kùn.

Wọ́n da Àǹtí Awò padà sí àtìmọ́lé. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó kan ògiri lápá ọ̀tún, ó kan ògiri lápá òsì. Yàrá náà kò fi ohunkóhun tóbi ju ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. Ó rẹ́rìn-ín kan tó korò: ọdún mẹ́tàlá lòun ti ń sanwó kí wọ́n tó gba òun láàyè láti jókòó sínú irú rẹ̀! Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Bí wọ́n bá gbé e dé ilé ẹjọ́, ìkọ̀wé òun fúnra rẹ̀ ló máa jẹ́rìí ta kò ó, kí ló sì fẹ́ sọ? Bí wọ́n bá wá dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n á ti gbà gbọ́ títí ayé pé àbúrò òun ló dáná sun òun lọ́wọ́. Òun sì ti sọ fún ẹ̀gbọ́n pé kó má rà á. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ìwọ àti Ọ̀mọ̀ràn, ta ló mọ̀ jù?"

Ó jókòó sórí sìmẹ́ńtì, ó gbé orí lé orúnkún. Mẹ́rin. Ìkọ̀wé òun wà nínú mẹ́ta. Ó gbé orí sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀kùn.

"Ìkẹrin ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n wo ìkẹrin!"

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gbé e wá. Èyí kò jó. Bátìrì rẹ̀ kàn wú títí ó fi fọ́ gíláàsì sí ẹni tó ń lò ó lójú. Kò sí àmì kankan lára irin inú rẹ̀.

"Kò sí nǹkan níbẹ̀," ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wí. "A ti wò ó."

"Ẹ wo iwájú bátìrì. Ta ló wo ẹ̀yìn rẹ̀?" Ó gba awò rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ó so ó mọ́ ọrùn, ó gbé e sójú, ó sì béèrè fún ẹ̀rọ tí àwọn obìnrin fi ń gbẹ irun, ọlọ́pàábìnrin kan sì ní ọ̀kan nínú báàgì rẹ̀. Ó fi atẹ́gùn gbígbóná náà rọ gọ́ọ̀mù, díẹ̀díẹ̀, ó ń mí pẹ̀lẹ́, ó sì rọra ṣí bátìrì wíwú náà sókè bí ẹni ń ṣí ìdè ojú egbò. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi pẹ́ńsù kọ ìwé wínníwínní, ó kún ojú ibẹ̀:

"Ìwọ tó tú èyí, atúnfóònùṣe ni ọ́, bíi tèmi. A pé mọ́kàndínlógún lókè ilé táyà àtijọ́, ẹ̀bá ojú irin. Wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ wa. Ọ̀mọ̀ràn orí rédíò ló kó wa síbẹ̀. Jọ̀ọ́."

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì nu ojú rẹ̀.

"Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé ọlọ́pàá ò ní wo ibẹ̀," ni Àǹtí Awò wí. "Àwa nìkan la máa ń débẹ̀."

Aago mẹ́ta ọ̀sán kọjá díẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ilé táyà. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò sọ fún ọ̀gá àgbà. Ọlọ́pàá mẹ́rin ló mú, ó sì mú Àǹtí Awò pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, nítorí bó bá sá lọ, òun ni wọ́n máa tì mọ́lé dípò rẹ̀. Ọlọ́dẹ kan dìde lẹ́nu ọ̀nà.

"Kò sẹ́nì kankan níbí o. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí ilé yìí ti ṣófo."

"Àgádágodo yìí ńkọ́? Òun náà ti lé ní ọdún mẹ́ta? Ó ń dán."

Ọlọ́dẹ wo ilẹ̀. Wọ́n fọ́ àgádágodo.

Lókè, yàrá gígùn kan ni, tí wọ́n fi pákó dí gbogbo fèrèsé rẹ̀ àfi ọ̀kan. Tábìlì gígùn, àga mọ́kàndínlógún, páálí Àràmọ̀ǹdà títí dé àjà, àpò tó kún fún ẹ̀yìn Bẹ́lífà tí wọ́n ti bọ́ sílẹ̀. Kò sí èèyàn. Wọ́n wá gbogbo igun. Wọ́n ṣí ilé ìyàgbẹ́. Kò sí.

"Wọ́n ti kó wọn lọ," ni ọlọ́pàá kan wí.

Àǹtí Awò fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan pẹpẹ irin tí wọ́n fi ń mú gíláàsì gbóná. "Ó ṣì gbóná, sà! Wọn ò tíì jìnnà. Ẹnì kan ló ta wọ́n lólobó."

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mọ ẹni náà, kò dárúkọ rẹ̀. Ó sáré lọ sí fèrèsé tó ṣí. Nísàlẹ̀, níbi tí títì ti gba orí ojú irin kọjá, ọkọ̀ akẹ́rù kan tí wọ́n fi tapólì bò dúró lẹ́yìn ọ̀pá tí wọ́n fi dínà fún ọkọ̀. Ọkọ̀ ojú irin ẹlẹ́rù ń kọjá lọ, ó gùn, kò yára. Páálí Àràmọ̀ǹdà yọrí lábẹ́ tapólì náà.

"Ẹ sáré!"

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ gìrìgìrì. Gìgísẹ̀ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dá a lóró ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ṣubú, ọlọ́pàá méjì sì takìtì lé e lórí. Àǹtí Awò fò wọ́n kọjá. Ó ń sáré pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n so pọ̀ níwájú àyà. Ó rí ìrù ọkọ̀ ojú irin tó ń kọjá. Ó rí ọ̀pá náà tó ń gbéra sókè. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù náà kọjá, ó sì lọ dúró gbọnin síwájú rẹ̀.

Awakọ̀ tẹ fèrè. Obìnrin náà kò kúrò.

"Ṣé o ya wèrè ni? Kúrò lọ́nà!"

"Gbé e gorí mi."

Ọkọ̀ náà sún. Irin iwájú rẹ̀ kan orúnkún rẹ̀, ó tún sún, ó tì í sẹ́yìn. Ẹ̀rù bà á, síbẹ̀ ó na ọwọ́ méjèèjì, ó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ gbá gíláàsì awakọ̀, ó tún gbá a, títí tí àwọn ọlọ́pàá fi dé tí wọ́n fa awakọ̀ bọ́ sílẹ̀.

Wọ́n ká tapólì. Páálí ló wà níwájú. Lẹ́yìn páálí ni àwọn èèyàn náà wà, ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n ká orúnkún sí àyà, ìmọ́lẹ̀ sì ń pa wọ́n lójú. Ọkùnrin tínrín kan kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, ó rí obìnrin tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí lọ́wọ́, ó rí awò tó so mọ́ ọrùn.

"Ìwọ ni A.A.?"

"Èmi ni."

"Mo ti ń ka ìwé rẹ láti oṣù márùn-ún. Ọ̀mọ̀ràn ní ká fi sípírítì nu gbogbo ohun tí wọ́n kọ sínú wọn. A ní a ti nù ún." Ó bú sẹ́kún. "Ta ló fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò? Kò mọ ibi tí wọ́n ń gbà wọ inú fóònù."

Ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gbé lọ sí ilé-iṣẹ́ rédíò. Wọ́n ti gbé ètò pàtàkì kan sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí Ọ̀mọ̀ràn lè dáhùn ìpè àwọn tí ẹ̀rù ń bà. Iná pupa ń tàn lórí ilẹ̀kùn. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ṣí i, ó ń tiro, ó sì gbé Àràmọ̀ǹdà tuntun kan síwájú Ọ̀mọ̀ràn pẹ̀lú irin tẹ́ẹ́rẹ́. Olóòtú ètò náà, obìnrin tó gbọ́n, wo ojú ọlọ́pàá náà, kò sì pa ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ọ̀mọ̀ràn, ẹ kú iṣẹ́," ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wí. "Ẹ ní àwọn atúnfóònùṣe ló ń ki pàǹtí bọ ojúlówó. Ẹ bá wa tú èyí, ká rí ojúlówó."

"Èyí... kì í ṣe àsìkò..."

"Ìṣẹ́jú kan ni ó gba ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Ọ̀mọ̀ràn gbé fóònù náà. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó ti irin náà bọ ihò tí wọ́n ń gbà fi iná sí i. Òógùn bọ́ lójú rẹ̀ sórí tábìlì. Gbogbo ìlú ń gbọ́ bí irin ti ń ha gíláàsì.

"Èmi kì í tú fóònù," ló wí níkẹyìn. "Mo máa ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ni."

Ilẹ̀kùn tún ṣí. Ọkùnrin tínrín náà wọlé. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá. Iṣẹ́ tí ẹ gbé fún wa, a ò lè parí ẹ̀."

Ọ̀mọ̀ràn fò dìde, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Yàrá ìgbohùnsáfẹ́fẹ́ kì í ní fèrèsé, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ní, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sì dúró sí i. Ọwọ́ pálábá rẹ̀ ti ségi. Ó jókòó padà, ohùn dídùn yẹn sì ti lọ.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, kò pẹ́ kó tó jẹ́wọ́.

"Kí ló dé tó o fi ṣe é?"

"Àwọn ilé-iṣẹ́ ló máa ń fi fóònù ránṣẹ́ sí mi tẹ́lẹ̀, kí n lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n dáwọ́ dúró. Wọ́n ní àwọn ọmọ tó ń jó pẹ̀lú fóònù nínú fídíò ni ayé ń wò báyìí. Ẹnu nìkan ló ṣẹ́ kù fún mi."

"Àwọn bátìrì yẹn, o mọ̀ pé wọ́n á bú?"

"Ògbólógbòó ni wọ́n. Mo mọ̀ pé díẹ̀ nínú wọn á bú."

"Díẹ̀ mélòó?"

Ọ̀gá àgbà, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni òun ti fura sí ọkùnrin yẹn. Kò sẹ́ni tó wo ojú rẹ̀. Ní gbọ̀ngàn, wọ́n gbé fóònù àgọ́ kalẹ̀ fún àwọn mọ́kàndínlógún náà kí wọ́n pe ilé wọn, igbe sì ń gba orí tẹlifóònù lọ, tọ̀tún tòsì.

Ìwé kan ló kù. Ẹ̀gbọ́n ló fi ẹ̀sùn kan Àǹtí Awò, ẹ̀gbọ́n ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé òun fà á sẹ́yìn. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mú àbúrò lọ sí ilé ìwòsàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Àǹtí Awò dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, kò wọlé.

"Kí lò ń dúró síbẹ̀ ṣe?" ni ẹ̀gbọ́n bi í láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ ní kí n má wá mọ́."

"Iná ló sọ ọ́. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́." Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Rédíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Mo fi ọ́ sílẹ̀, mo gba ẹnu ẹlẹ́nu gbọ́. Àbúrò mi, má bínú."

Báńdéèjì wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ títí dé ìgúnpá. Ó gba bírò sí ọwọ́ òsì, ó yọ ahọ́n síta díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ara rẹ̀. Lẹ́tà kan wólẹ̀, òmíràn ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, èyí tó kẹ́yìn kúrò lórí ìlà pátápátá. Ó gbé ìwé náà sókè, ó wò ó.

"Bí ọmọ kíláàsì mi bá kọ irú èyí, òdo ni."

Àǹtí Awò rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi di ẹkún. Ó wá sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ tó dá ṣáká fa ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra, ó rí bí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ti bó ọrùn ọwọ́ náà.

"Ṣé ó dùn ọ́?"

"Kò dùn mí mọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ká ìwé rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó sì mú bàtà náà dání jáde, kó má bàa dí wọn lọ́wọ́.